Iṣẹ́ Abẹ Fáàfù Ọkàn Ọmọ: Ohun Tí Òbí ní Òṣogbo Ní Láti Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Sí Ìwé

Bí èsì ẹ́kò (àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn) bá ti jáde, tí dókítà sì sọ pé fáàfù ọkàn ọmọ (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá) kò dára, ohun tí òbí máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé wọn ò lè yọ ọ́ kúrò kí wọ́n fi tuntun sí i?" Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni, kò sì burú láti bi í. Àmọ́ mọ́tò kì í dàgbà, ọmọ ń dàgbà. Fáàfù tí a bá rà fún ọmọ ọdún méjì, bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n fi sí i náà ni yóò ṣe wà nígbà tí ọmọ bá di ọmọ ọdún méjìlá. Ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ fi jẹ́ ohun tí a máa ń ṣe kẹ́yìn. Kí a tó dé ibẹ̀, a ó wò ó bóyá a ṣì lè dúró, bóyá a lè fi bálúùnù là á, bóyá a lè tún èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn ṣe. Bí ẹ bá di èyí mú, ìpinnu àwọn dókítà kò ní máa rú yín lójú.

Ohun tó ṣe fáàfù gan-an

Fáàfù mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Méjì wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀: tricuspid lápá ọ̀tún, mitral lápá òsì. Méjì yòókù wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde: pulmonary ń da ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, aortic ń dà á sí aọ́tà, iṣan ńlá tó ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lára wọn, àfi mitral tó ní méjì. Kí wọ́n ṣí, kí wọ́n sì pa dé, iṣẹ́ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú ọmọdé wọ́n ń ṣe é ju ìgbà 100,000 lọ lójúmọ́.

Ọ̀nà méjì ni fáàfù ń gbà bàjẹ́: ó fún jù, tàbí ó ń jò. Bí ó bá fún, ọkàn á máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú ihò tóóró, ògiri rẹ̀ á sì máa nípọn. Bí ó bá ń jò, ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá á tún máa padà wálé, yàrá ọkàn á máa fẹ̀ láti gbà á. Àwọn kan wà tó fún tí wọ́n tún ń jò.

Nínú èyí tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, pulmonary tí ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra ló rọrùn jù láti tọ́jú. Aortic tó ní ewé méjì dípò mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, ẹnì kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í mọ̀ títí wọn ó fi lé ní àádọ́ta ọdún. Mitral tí ewé rẹ̀ là láàárín máa ń bá ihò àárín ọkàn rìn, pàápàá lára ọmọ tó ní Down syndrome, ìyàtọ̀ àbímọ́ tó ń mú kí ọmọ lọ́ra láti dàgbà. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ní àìsàn ọkàn, nítorí náà kí gbogbo wọn ṣe ẹ́kò, bí ara wọn tilẹ̀ dá. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Ebstein ni kí ewé tricuspid sọ̀ kalẹ̀ kí ó sì lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìsàlẹ̀. Nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní Fallot, ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló fún, ihò sì tún wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá àbímọ́ ni lóòótọ́. Nílẹ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí mitral rẹ̀ ń jò lè jẹ́ ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun dùn, tí kò rí oògùn tó yẹ, tí ibà rheumatic sì bá fáàfù rẹ̀ jà. Èyí ní ìtọ́jú tirẹ̀: abẹ́rẹ́ benzathine penicillin lọ́ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìfún un ní abẹ́rẹ́ yìí, àìsàn náà á tún padà jẹ fáàfù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Àmì tí ẹ lè rí nílé

Ọmọ ọwọ́ tí ọmú mímu rẹ̀ ń gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tó ń fi ọmú sílẹ̀ kí ó lè mí, tí òógùn ń bò ó níwájú orí bí ẹni tó ń gúnyán, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá sùn. Ó ti pọ̀ jù tó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 fún ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan, 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún. Ní ti àwọ̀ aró tó ń bo ara nígbà tí ọ́síjìn kò tó, ara dúdú kì í tètè fi í hàn, nítorí náà ẹ má fi ètè nìkan ṣèdájọ́. Ẹ wo ahọ́n àti èrìgì ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Òṣogbo ni ìlú aró, ojú yín mọ àwọ̀ yẹn dáadáa. Tí ahọ́n ọmọ bá ti gbé e wọ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ìdákú ọmọ Fallot ni àwọn àgbà máa ń pè ní gìrì. Ọmọ á ké, á dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, á máa mí kíákíá, á sì rọ. Ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yáná. Ẹ tẹ́ ẹ nífẹ̀yìn lé ẹsẹ̀ yín, kí ẹ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, kí ẹ máa rẹ̀ ẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́. Kíká yìí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Láti ibẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, bí ó tilẹ̀ jí.

Ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kánjú jù. Nínú oyún, iṣan kékeré kan so aọ́tà pọ̀ mọ́ iṣan tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí ló máa ń pa dé. Ọmọ tí fáàfù rẹ̀ dí pátápátá ń lo iṣan yìí bí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Nígbà tó bá pa dé, ọmọ tó ń sunkún dáadáa lánàá á ṣàdédé dákẹ́. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ gbé ọmọ kúrò ní wọ́ọ̀dù ìbímọ, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré wọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn wákàtí 24. Bí méjèèjì bá dé 95% tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ìyàtọ̀ ọwọ́ sí ẹsẹ̀ kò ju 3 lọ, ó dára. Tí ọ̀kan bá wà lábẹ́ 90%, kí wọ́n pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Tó bá bọ́ sí àárín, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí kan.

Oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan yẹn ṣí ni prostaglandin E1, tí wọ́n ń fi dírípù fún un ní 0.01 sí 0.1 máíkrógíráàmù fún kílò kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú fíríìjì ló ń gbé, ní 2 sí 8°C. Ó lè dá mímí ọmọ dúró, nítorí náà ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi àpò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú gbọ́dọ̀ wà nínú áḿbúláǹsì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ọ́síjìn lé nọ́ńbà rẹ̀ dé 100. 75 sí 85% ló tó o, nítorí ọ́síjìn púpọ̀ ń ran iṣan náà lọ́wọ́ láti pa dé. Ní ti sílíńdà, ẹ pín iye lítà inú rẹ̀ pẹ̀lú iye lítà tí ọmọ ń lò níṣẹ̀ẹ́jú kan, ẹ ó mọ iye ìṣẹ́jú tó máa gbé, kí ẹ sì gbé ìlọ́po méjì ohun tí ìrìn náà nílò. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà Ìbàdàn ṣe ń dí kò ní bèèrè ìdí.

Ẹ́kò tó péye

UNIOSUN Teaching Hospital ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn kékeré tàbí ti Asúbíàró ló kọ́kọ́ rí ọmọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn. Dókítà ọkàn ọmọdé ni kó ṣe ẹ́kò náà, kí ó sì jẹ́ nígbà tí ọmọ ti yó tó sì ń sùn, nítorí ẹkún máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ wo ìwé èsì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ fáàfù wo ni, fífẹ̀ òrùka fáàfù ní mílímítà àti Z-score rẹ̀ (bí fífẹ̀ náà ṣe jìnnà sí ti ọmọ tí ara wọn dọ́gba), gradient ní mmHg (ìyàtọ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣáájú fáàfù àti lẹ́yìn rẹ̀), bí jíjò ṣe pọ̀ tó, bí yàrá ìsàlẹ̀ ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ sí, àti bóyá ihò mìíràn wà. Ìwé tó kàn kọ "valve disease" kò wúlò fún oníṣẹ́ abẹ kankan. Ẹ gba fídíò rẹ̀ sórí fóònù tàbí CD, torí ilé ìwòsàn tó kàn á fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ ó sì bọ́ lọ́wọ́ owó ẹ́kò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní Nàìjíríà, UNTH Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣiṣẹ́, lọ́dún 1974. Fún ará Òṣogbo, OAUTHC ní Ifẹ̀ ló sún mọ́ jù, lẹ́yìn rẹ̀ UCH Ìbàdàn, ti Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, àti LUTH pẹ̀lú LASUTH l'Ékòó. Orúkọ ilé ìwòsàn kọ́ ni kí ẹ fi yàn. Ẹ bèèrè pé: ọmọ mélòó tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ti tèmi lẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún lọ́dún tó kọjá? Ṣé oníṣẹ́ abẹ yín wà níbí, àbí àwọn àlejò ló ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lóru, ta ló wà nílé? Tí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Dúró, là á, tún un ṣe, pààrọ̀ rẹ̀

Fún pulmonary tó fún, gradient tí kò tó 36 mmHg lórí ẹ́kò, a ń ṣọ́ ọ ni. Tó bá ti kọjá 64, a ń là á, bí ọmọ tilẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò. Ti àárín méjèèjì wà lọ́wọ́ bí ọkàn ṣe nípọn tó àti bí ara ọmọ ṣe rí. Ti aortic ṣòroó dá sí ju bẹ́ẹ̀ lọ: nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n nínú ọkàn gan-an pẹ̀lú túùbù la ń tẹ̀ lé, 50 mmHg fún ọmọ tí kò ní àmì kankan, 40 fún èyí tí àyà ń dùn, tó ń dákú, tàbí tí ECG rẹ̀ (àyẹ̀wò iná ọkàn) yí padà. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kékeré lára ọmọ tuntun. Omi tí kò lágbára kì í pariwo lẹ́nu páìpù. Yàrá ọkàn tó ti rẹ̀ kò ní agbára tó lè fi gbé gradient sókè, a ó sì máa rò pé fáàfù kò fún púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti ń kú lọ.

Bálúùnù kò nílò kí a la àyà. Láti ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n ti ń ti túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú iṣan, tí wọ́n á tì í dé ojú fáàfù, tí wọ́n á sì fẹ́ bálúùnù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ewé tó lẹ̀ mọ́ra lè ya. Láti 1982 ni wọ́n ti ń ṣe é fún pulmonary. Níbẹ̀, bálúùnù máa ń tó ìlọ́po 1.2 sí 1.25 òrùka fáàfù. Fún aortic, kò gbọdọ̀ ju òrùka lọ, 0.9 ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí ìyàtọ̀ yìí ni pé ara lè fara da pulmonary tó ń jò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n aortic tí bálúùnù ya lè gbé ọmọ dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ewé bá nípọn tó rí kọ́lọkọ̀lọ, tí kò kàn lẹ̀ mọ́ra, bálúùnù kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn bálúùnù, ọmọ á na ẹsẹ̀ gbọọrọ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì léraléra. Tí èyí tí wọ́n gbà wọlé bá tutù ju èkejì lọ, tí ó sì funfun, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan nìyẹn. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Títún ṣe ni iṣẹ́ tí a fẹ́ràn jù, nítorí fáàfù ọmọ fúnra rẹ̀ á máa bá a dàgbà, kò sì nílò oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ayé. Oníṣẹ́ abẹ á fi ọ̀bẹ la ibi tó lẹ̀, á rán ewé tó ya, á fi awọ tó bo ọkàn ọmọ náà lẹ ibi tí ewé kò tó. Fún Ebstein, wọ́n á tú ewé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á yí i po bí ẹni ń ká ìwé láti bu gúgúrú sí, wọ́n á sì rán an mọ́ òrùka tó yẹ kí ó wà. Da Silva, oníṣẹ́ abẹ ará Brazil, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1993. Ọmọ Down syndrome tó ní ihò àárín ọkàn pẹ̀lú fáàfù tó là, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni àsìkò rẹ̀. Ẹ má dúró kí ó "sanra díẹ̀ sí i." Bí ó bá pẹ́ jù, iṣan ẹ̀dọ̀fóró á le, a kò sì ní lè pa ihò náà dé mọ́.

Tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn, a ó pààrọ̀. Fáàfù onírin máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ á máa mu warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé. Kékeré jù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 15, nítorí náà ọmọ tó kéré á tún padà wá fún òmíràn. Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe, ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, kò nílò warfarin fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n nínú ara ọmọdé ó máa ń le kíákíá. Ọ̀pọ̀ kì í pé ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ lóminú, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé, ti màlúù wà. Bákan náà ni ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí a ti gbọ́ ọ.

Fún aortic ọmọdé, ọ̀nà kẹta wà tí Donald Ross bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967: kí a yọ pulmonary ọmọ fúnra rẹ̀, kí a gbé e sí ipò aortic, kí a wá fi fáàfù tí a gbà láti ibòmíràn sí ipò pulmonary. Èyí tó lọ sí ipò aortic á máa dàgbà. Èyí tí a fi dípò pulmonary á gbó, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń lo túùbù láti itan fún irú pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ láìla àyà. Iṣẹ́ Ross le gan-an. Ẹni tó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò yẹ kí ó ṣe é rárá.

Nwankwo Kanu tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ lórí fáàfù aortic rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996, ó sì padà sórí pápá. Ní 2014, ó tún padà lọ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó tán.

Ìmúrasílẹ̀ láti Òṣogbo

Eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Eyín tó jẹrà ń da kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà á sì lọ jókòó sórí fáàfù tuntun. Kí dókítà eyín yọ èyí tó yẹ kó yọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Ẹ dá gbogbo àgbo dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, títí kan èyí tí màmá àgbà ń fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ jọ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ṣàlàyé pé ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹ ṣe genotype rẹ̀, ẹ má fi ti òbí méfò. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn máa ń mú kí ara tutù, òtútù yìí sì lè mú ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC ká. Nítorí náà wọ́n máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ kí hemoglobin S, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ká, lè wá sí abẹ́ 30%. Ẹni AS náà, kí wọ́n mọ̀. Ẹ kó olùfúnni-lẹ́jẹ̀ jọ ní iye tí ilé ìwòsàn bá sọ, kí ẹ ti ṣàyẹ̀wò wọn nílé kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ìrìnàjò òfo ni tí ẹni márùn-ún bá dé Ìbàdàn tí mẹ́ta kò yege. Ibà, ikọ́, tàbí imú tó ń ṣomi lára ọmọ? Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Wọ́n lè sún un síwájú, ó sì sàn bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ń dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, wàrà inú agolo náà mẹ́fà, ọmú mẹ́rin, omi lásán méjì. Àkàmù kì í ṣe omi.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ

Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà. Wọ́n á mú un sùn, wọ́n á ti túùbù sí ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á sì la egungun àárín àyà. Heparin, 300 sí 400 yúnìtì fún kílò kan, ni wọ́n á fi dá dídì ẹ̀jẹ̀ dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ gba inú rọ́bà kọjá. Wọn kì í sábà tan ẹ̀rọ títí àyẹ̀wò dídì yóò fi kọjá ìṣẹ́jú àáyá 480. Ẹ̀rọ á wá gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe. Wọ́n á dí aọ́tà, wọ́n á da omi tútù tó ní potassium púpọ̀ sínú iṣan ọkàn, ọkàn á dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe fáàfù, wọn kì í sì í fàkókò ṣòfò, torí bí ọkàn bá ṣe dúró pẹ́ tó ni yóò ṣe rẹ̀ ẹ́ tó.

Bí wọ́n bá parí, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọkàn, nítorí afẹ́fẹ́ kékeré kan tó bá dé ọpọlọ lè fa rọpárọsẹ̀. Ọkàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ẹ́kò tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé wo fáàfù lórí tábìlì. Bí ó bá ṣì ń jò púpọ̀, wọ́n á tan ẹ̀rọ padà, wọ́n á tún un ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n ní ẹ́kò yìí. Bí wọn kò bá ní i, ẹ̀yin àti àwọn jọ ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Nígbà tí ẹ bá rí i ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, túùbù méjì á máa fa ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àyà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì jáde lára rẹ̀. Wáyà yẹn wà nítorí iṣan tó ń pàṣẹ fún ọkàn sún mọ́ tricuspid àti àárín ọkàn pẹ́kípẹ́kí. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè bá a, ọkàn á wá máa lù díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ó ń padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá padà, a ó fi ẹ̀rọ kékeré sí abẹ́ awọ tí yóò máa pàṣẹ fún un.

Nílé

Egungun àyà tí wọ́n fi wáyà irin so ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó mú. Títí ìgbà náà, ẹ má pọ̀n ọ́n, torí ọ̀já àti ẹ̀yìn yín á tẹ àyà rẹ̀. Ẹ má gbé e ní abíyá. Ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, ọ̀kan lẹ́yìn ọrùn. Ìwẹ̀ ọmọ tí a ti ń fà á lápá, tí a ń jù ú sókè, tí a ń na ọwọ́ rẹ̀ kọ ara wọn, ó ti dópin fún àsìkò yìí, ẹni yòówù kó máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọ̀kadà gbé e. Tí egungun bá ń dún kẹ́kẹ́ tí ó bá mí, tí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi tàbí tó bá pupa, ẹ padà lọ. Kò sí òrí, kò sí àdí, kò sí ìfọyín lójú ọgbẹ́ tí kò tíì san. Paracetamol 15 míligíráàmù fún kílò kan ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ló tó fún ìrora.

Ọmọ tó ní fáàfù onírin gbọ́dọ̀ ṣe INR, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Fún aortic onírin, 2.0 sí 3.0 la ń wá; fún mitral onírin, 2.5 sí 3.5. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, tó bá ti dúró, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò. Ẹ wo ìgò ọlọ́mọrí búlúù tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí: kí ẹ̀jẹ̀ dé ojú ìlà. Tí kò bá dé ibẹ̀, omi inú ìgò á pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, INR á sì ga lórí irọ́, wọn á wá dín oògùn kù fún ọmọ tí kò yẹ kí wọ́n dín in kù fún. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lára ọmọ tí PCV rẹ̀ (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) kọjá 55, àfi kí láàbù dín omi ìgò náà kù.

Ẹ ka mg tó wà lára páálí warfarin, ẹ má wo àwọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì píǹkì láti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 5 mg. Ti Amẹ́ríkà tó píǹkì jẹ́ 1 mg. Bí ẹ bá gbàgbé tí ẹ rántí lọ́jọ́ kan náà, ẹ fún un. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ fò ó, ẹ má ṣe é ní méjì. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugu kò di èèwọ̀. Vitamin K inú wọn ń bá warfarin jà, nítorí náà iye kan náà lọ́sẹ̀ ni kí ó máa jẹ. Èyí tó burú ni kí ó má jẹ ẹ̀fọ́ fún oṣù kan, kí ó wá jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ nígbà ìsinmi lọ́dọ̀ màmá àgbà. Flagyl àti Septrin ń gbé INR sókè gan-an, oògùn ikọ́ fée tó ń jẹ́ rifampicin ń fà á wálẹ̀. Tí dókítà bá kọ oògùn tuntun, ẹ ṣe INR lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Diclofenac àti ibuprofen, rárá. Abẹ́rẹ́ ìdí ní kẹ́míìsì, rárá: ẹ̀jẹ̀ á kún inú ẹran ara, ìdí á wú. Àwọn oògùn ìgbàlódé tí wọ́n ń polówó dípò warfarin kò dára fún fáàfù onírin; wọ́n dán dabigatran wò, èsì tó jáde ní 2013 sì fi hàn pé dídì àti dídà ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

Fáàfù onírin máa ń dún tẹ́-tẹ́ bí aago. Ẹ fi etí sí i lóru, kí ẹ mọ ìró rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìró náà bá rọ̀ tàbí tó dákẹ́, tí ọmọ sì ń mí gúlegúle, ẹ̀jẹ̀ ti dì sórí rẹ̀. Ẹ má dúró di òwúrọ̀.

Ní ti ibà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ọmọ tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ yọrí nìyí. Ara ọmọ gbóná, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, ara tutù, ó tún gbóná. Kòkòrò ti wà lórí fáàfù láti ìbẹ̀rẹ̀, oògùn tí wọ́n fún un kò tó láti pa á, ṣùgbọ́n ó tó láti fi í pamọ́ fún láàbù. Ọmọ tó bá ti ṣe fáàfù, tí ara rẹ̀ gbóná ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ ṣàyẹ̀wò ibà, ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún blood culture, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láti ojú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí oògùn apakòkòrò tó wọ ara rẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ yọ eyín, ọmọ tó ní fáàfù tí a rà máa ń mu amoxicillin 50 míligíráàmù fún kílò kan, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ, ní ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú ṣáájú.

Ẹni tó ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ rò ó jìnnà kí ó tó gba fáàfù onírin, torí warfarin lè ba oyún jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Kí ó tó lọ́kọ ni kí ó ti mọ̀, kí ó sì rí dókítà ọkàn kí oyún tó dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀, ẹ gba ìwé tó kọ irú fáàfù náà, mílímítà rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù bàbá àti ti ìyá, kí ẹ fún olùkọ́ rẹ̀ ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì fi ọ̀kan sínú báàgì tí ọmọ máa ń gbé lọ sílé ìwé.